Ẹsẹ̀ ìyá mi ń wú, ọwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: kí ló lè fà á, ẹ̀yin ará?

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá mi, ẹni ọdún 61, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta níbí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti ń wú. Láàárọ̀ á ti fà díẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi máa ti ọjà dé nírọ̀lẹ́ á ti kún débi pé sálúbàtà ò ní gbà wọ́n mọ́. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, ibi tí mo tẹ̀ á jìn wọnú, kò ní tètè kún padà. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni ọwọ́ náà ti wá bẹ̀rẹ̀, òrùka ìgbéyàwó wọn ti há mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò dùn wọ́n o, wọ́n kàn ní ó wúwo bíi pé wọ́n so nǹkan mọ́ àwọn lẹ́sẹ̀ ni.

Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ní wọ́n ti tẹ nǹkan, pé àwọn rí nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tiẹ̀ ti júwe baba kan fún wọn lọ́nà Ọ̀dẹ́dá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká kàn lọ ra Lasix, oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn tọ omi ara dànù, ní kẹ́míìsì, pé á fà á wálẹ̀. Orí mi ti dàrú. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí ló fà á?

Ìyá Alákàrà:
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á wo màmá sàn. Èmi náà ti rí irú ẹ̀ rí. Láti aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ti máa ń wà nídìí agbada, orí àpótí kékeré ni mo ń jókòó sí, ẹsẹ̀ mi á ká kò síbẹ̀, ooru iná náà á tún máa fẹ́ sí i, tó bá fi máa di ọ̀sán ọrùn ẹsẹ̀ mi ò ní sí mọ́, gbogbo ẹ̀ á ti dọ́gba bí iṣu. Obìnrin kan ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ló là mí lóye pé ẹran ẹsẹ̀ wa ẹ̀yìn yìí ló máa ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè tá a bá ń rìn, téèyàn bá wá jókòó gbọnrangandan láìmira, ẹ̀jẹ̀ àtomi á sùn sísàlẹ̀, ooru náà á tún jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ là sí i. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde rìn kiri láàárín iṣẹ́, tí mo bá délé máa fẹ̀yìn lélẹ̀, máa gbẹ́sẹ̀ lé ìrọ̀rí méjì kó lè ga ju àyà mi lọ, mo sì dín iyọ̀ àti magí kù gan-an. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti lọ.

Ṣùgbọ́n tèmi ò dé ọwọ́ o, ìyẹn ni mi ò fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan kan náà ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe é n'Íbàdàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé wíwú yìí kì í ṣe àrùn fúnra ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ilé ń jò, omi tẹ́ ẹ rí nílẹ̀ pálọ̀ yẹn ẹ lè nù ún títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibi tó ti ń jò lórí òrùlé lẹ máa wá.

Omi ló ń yọ́ jáde nínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ kóra jọ sábẹ́ awọ, torí ẹsẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ jù, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Tí ọkàn ò bá lágbára àtiti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa há sẹ́yìn, omi á wá máa jò. Tí kíndìnrín bá ń ṣàárẹ̀, iyọ̀ àtomi tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ á máa padà sára, tàbí kẹ̀ kó máa jẹ́ kí pùrótéènì jò lọ sínú ìtọ̀, pùrótéènì yẹn ló sì ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀, tó bá ti dín kù omi ò ní ohun tó máa dì í mú mọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe pùrótéènì yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ bá ti bàjẹ́, bóyá hẹpatáítìsì B ni o tàbí ọtí, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń wú, inú ẹ̀ gan-an á tún wá yọ síta bíi ti aboyún. Ọmọ kékeré tí ò rí oúnjẹ gidi jẹ, tó jẹ́ ẹ̀kọ nìkan láàárọ̀ lálẹ́, ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà máa ń wú.

Torí náà ẹ dá mi lóhùn. Tí màmá bá sùn gbalaja ṣé wọ́n ń mí dáadáa, àbí ìrọ̀rí mélòó ni wọ́n ń kó sábẹ́ orí? Ṣé oorun máa ń já mọ́ wọn lójú lóru pé èémí fẹ́ tán? Ṣé ojú wọn máa ń wú láàárọ̀ tí wọ́n bá jí? Ìtọ̀ wọn ńkọ́, ṣé ó ń hó bí ọṣẹ, ṣé ó ti dín kù? Ṣé ẹyinjú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró? Èyí tó ṣe pàtàkì jù: oògùn wo ni wọ́n ń lò, gbogbo ẹ̀ o, tòyìnbó, tìbílẹ̀, tinú ìgò, tinú ọ̀rá.

Ẹ bá mi bẹ bọ̀dá yín lórí Lasix. Oògùn gidi ni, àwa náà ń lò ó ní wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ó máa ń fa potassium jáde lára, potassium yẹn sì ni ọkàn fi ń lù déédéé. Ẹni tí wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò tó kàn ń gbé e mì lójoojúmọ́, mo ti rí èyí tó dákú sójú ọ̀nà.

Akínkanjú Ẹ̀pẹ́:
Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ló dáa o. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú di ayé. Ẹsẹ̀ tó wú tí ò sì dunni, àwọn bàbá wa ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, kì í ṣe gbogbo nǹkan ni tẹ́ẹ̀sì ń rí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ baba yẹn kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó, ọsibítù ò ní sá lọ.

Ọmọ Káfíńtà:
Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́, mi ò bá yín jà o, mo mọ̀ pé ire lẹ ní lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá mi.

Káfíńtà ni wọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà nígbà yẹn. Bí ti màmá yìí gẹ́lẹ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì, kò dùn wọ́n. Wọ́n ní wọ́n tẹ nǹkan níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé fún ẹnì kan. A gbé wọn lọ sí abúlé kan, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, ojú gbẹ́rẹ́ yẹn ni omi ń gbà jáde, kò jiná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ní gbogbo àsìkò yẹn bàbá mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Orí àga ni wọ́n ń sùn, wọ́n á gbórí lé tábìlì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn, wọ́n á máa húkọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwa ń sọ pé ikọ́ ni, à ń se ewé ikọ́ fún wọn. Oṣù méje. Ọjọ́ tá a gbé wọn dé ọsibítù, dókítà ò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn rárá, àyà wọn ló kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Ó ní ọkàn wọn ti fẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fà á. Bàbá mi ò mọ̀ pé àwọn ní BP láyé wọn, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún wọn rí.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún omi yẹn fà, a rí egungun ojúgun wọn padà. Wọ́n lo ọdún méjì sí i kí wọ́n tó lọ. Mi ò lè sọ pé ká ní a tètè lọ ni wọn ò bá ṣì wà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n oṣù méje yẹn ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ dòní. Ikọ́ alẹ́ àti sísùn lórí àga, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, tẹ́ ẹ bá rí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ẹ má dúró.

Akínkanjú Ẹ̀pẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Àbẹ̀kẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé màmá lọ sí ọsibítù.

Ọmọ Ìlọrin ní Houston:
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un torí ọ̀tọ̀ ni, ẹ̀yin tó ń ti òkè òkun wá sílé lẹ máa jẹ àǹfààní ẹ̀. Nígbà tí mo darí láti Èkó lọ́dún 2019, èmi tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú méjì tí n bá máa dé Houston, mi ò dìde lórí ìjókòó, mo sùn gbogbo ọ̀nà. Ọjọ́ kejì tí mo délé, ẹsẹ̀ òsì mi nìkan wú láti orúnkún wá sísàlẹ̀, ó gbóná, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń ta mí bíi pé iṣan fà. Ìyàwó mi ti po òrí mọ́ omi gbígbóná, ó fẹ́ fi wọ́ ọ fún mi. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ kan tó pè mí lásìkò yẹn, ó ní má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Tí wọ́n bá ra á, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni náà lè kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oṣù mẹ́ta ni mo fi lò ó.

Nítorí náà tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú lójijì tó sì ń dunni, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Èémí tó bá tún wá ń ṣeni tàbí àyà ń gúnni, ẹ máa sáré ni. Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú nìkan o, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, gbogbo wọn ló lè ṣe. Báyìí tí mo bá wọkọ̀ mo máa ń dìde rìn, mo sì máa ń mi gìgísẹ̀ sókè sódò lórí ìjókòó.

Ará Kétu:
Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa jàbùtẹ̀ náà torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń pè ní àfiṣe níhìn-ín ní Benin. Ìyá ìyá mi ní in lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ọmọdé ni mí nígbà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó níwájú tí àlejò bá wá, ó ń dùn mí títí dòní. Aràn tín-ín-tìn-ìn-tín ló ń fà á, ẹ̀fọn ló ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Aràn yẹn máa ń ba ọ̀nà tí omi ara ń gbà padà jẹ́, á wá máa wú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ ibẹ̀ á nípọn, á le bí èèpo igi, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kò ní jìn mọ́. Ti màmá Àbẹ̀kẹ́ ò jọ ọ́ rárá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ń jìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní in, ẹ má fi í pamọ́ sí yàrá. Kí ó máa fi ọṣẹ àtomi fọ ẹsẹ̀ yẹn lójoojúmọ́, kó nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa, kó máa tọ́jú ojú egbò kékeré kí ibà àti ìrora yẹn má bàa máa padà wá, kó sì máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Kí wọ́n má sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ivermectin àti albendazole tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ kiri àdúgbò lọ́dọọdún, ẹ máa gbà á kẹ́ ẹ lò ó, òun ló ń pa ọmọ aràn yẹn. Togo tó wà nítòsí wa yìí, lọ́dún 2017 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jẹ́rìí sí i pé wọ́n ti ṣẹ́gun ẹ̀, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti bi màmá. Wọ́n ń mí dáadáa, ìrọ̀rí kan ṣoṣo ni, wọ́n ní ojú kì í wú àwọn. Ẹyinjú wọn funfun. Ìtọ̀ wọn ni wọ́n ní ó dà bíi pé ó ti dín kù díẹ̀, àwọn ò kíyè sí bóyá ó ń hó.

Oògùn ńkọ́, mo ní kí wọ́n kó báàgì wọn jáde, ó yà mí lẹ́nu. Amlodipine 10 mg wà níbẹ̀, oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ torí BP. Diclofenac wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, oníkẹ́míìsì ló fún wọn torí làkúrègbé orúnkún, wọ́n ní láti ìgbà Iléyá ni. Kápsù kan tún wà nínú ọ̀rá kékeré tí ò ní orúkọ, aláwọ̀ méjì, tó ń polówó nínú ọkọ̀ ni wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní tàwọn bá ti lo ìyẹn orúnkún á fò fẹ́rẹ́. Àgbo jẹ̀dí náà wà, ṣùgbọ́n ìyẹn ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Apoògùn Ọ̀ṣogbo:
Á à, a ti ń súnmọ́ ọn. Apoògùn ni mí, inú fámásì ni mo wà lójoojúmọ́, ohun tí mo ń rí jù nìyí. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Amlodipine, oògùn tó dáa ni fún BP, ó ń ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, àmọ́ àwọn tó ń gbé e padà kì í ṣí tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá wọlé ju bó ṣe ń rí ọ̀nà jáde lọ, omi á yọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an, pàápàá lára obìnrin, èyí tó jẹ́ 10 ló sì máa ń ṣe é ju 5 lọ. Kì í ṣe pé omi pọ̀ lára ẹni náà, ọ̀nà ló yí padà, ìdí nìyẹn tí Lasix kì í fi í ṣe nǹkan gidi fún un, ẹ sọ fún bọ̀dá.

Ṣùgbọ́n amlodipine nìkan, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń mú, ti ọwọ́ yìí ló jẹ́ kí n máa wo diclofenac. Diclofenac, ibuprofen, àti gbogbo ẹbí wọn, wọ́n máa ń jẹ́ kí kíndìnrín di iyọ̀ àtomi mú, gbogbo ara ni omi yẹn ń lọ. Wọ́n tún ń gbé BP sókè, wọ́n ń bá oògùn BP jà. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: màmá ń lo oògùn orúnkún, oògùn orúnkún ń gbé BP lọ sókè, wọ́n wá fi oògùn BP kún un, oògùn BP tún wá ń wú ẹsẹ̀, tí a ò bá ṣọ́ra wọ́n á tún fi oògùn ẹsẹ̀ wíwú lé e. Tó bá pẹ́, kíndìnrín ló máa san owó gbogbo ẹ̀.

Kápsù aláìlórúkọ yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ tó ń mú orúnkún fò fẹ́rẹ́, dexamethasone tàbí prednisolone, ìyẹn àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, ló wà níbẹ̀, òun náà máa ń di omi mú, ó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń gbé ṣúgà àti BP sókè. Tí wọ́n bá ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n má já a lójijì láìsọ fún dókítà, torí ara á ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe irú steroid tiẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ ìyá mi ni: kí wọ́n dá diclofenac dúró lónìí, kí wọ́n fi paracetamol rọ́pò ẹ̀ bí orúnkún bá ń dùn wọ́n. Kí wọ́n MÁ dá amlodipine dúró fúnra wọn, BP tó bá sáré gòkè burú ju ẹsẹ̀ wíwú lọ. Ẹ kó gbogbo báàgì yẹn lọ bá dókítà lọ́la, ẹ da á sórí tábìlì. Mo lè máa ṣì í, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé oògùn ni.

Ìyàwó Àkúrẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ yín. Àbúrò ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, oyún ẹ̀ ti lé ní oṣù méje. Láti àná ọwọ́ àti ojú ẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ó ní òun ń rí nǹkan tó ń tàn yẹ́riyẹ̀ri lójú. Ìyá ọkọ mi ní omi ọmọ ni, pé tó bá bímọ tán á lọ. Ṣé lóòótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní BÁYÌÍ. Kì í ṣe lọ́la láàárọ̀. Ọsibítù tó ní dókítà tó lè ṣiṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ilé agbẹ̀bí àdúgbò. Ẹsẹ̀ nìkan tó wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́ lára aboyún, ìyẹn wọ́pọ̀, màmá ò parọ́. Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì pẹ̀lú orí fífọ́ àti ojú tó ń ṣe bàìbàì, ó jọ ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, BP tó bá ti dé 140/90 lẹ́yìn oṣù márùn-ún oyún kì í ṣe ohun tá à ń fi ṣeré, òun ló ń di gìrì aboyún. Tí inú òkè lábẹ́ egungun ìhà bá tún ń dùn ún, ẹ sọ fún wọn bẹ́ ẹ bá ti ń wọlé. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá, ẹ ṣáà máa lọ.

Ìyàwó Àkúrẹ́:
A ti ń lọ mà. Ọkọ mi ń gbé mọ́tò jáde.

Màmá Fèyí:
Ọlọ́run á bá wọn lọ. Èmi fẹ́ sọ ti ọmọ ọwọ́, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi lásìkò. Oṣù mẹ́jọ ni Fèyí wà, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀ bíi búrẹ́dì, a ò lè fọwọ́ kàn án, igbe ni ṣáá. Àwọn kan ní ijàlọ ló jẹ ẹ́, àwọn kan ní eyín ló fẹ́ hù. Ó lọ, ó tún padà lẹ́yìn oṣù méjì. Ìgbà yẹn ni dókítà ọmọdé kan wo ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bi wá pé kí ni jẹnótáìpù yín. AS ni mí, ọkọ mi ní òun ò mọ tòun, a ṣe é, AS ni. SS ni ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tó rí bí dòjé ló ń há sínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà nínú egungun ọwọ́ àtẹsẹ̀ wọn, òun ló sì máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti bí oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ló sábà máa ń yọjú.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fi omi yìnyín sí i o, òtútù ń mú un le sí i. Ẹ fún un lómi, ẹ bo ọwọ́ àtẹsẹ̀ ẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. AS àti AS, ní oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Fèyí ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí, ó ń lo hydroxyurea, oògùn àwọn SS, ó ń lọ sílé ìwé, òun ló gba ipò kejì ní táàmù tó kọjá.

Bíọ́lá:
Kí n yára sọ ti ìpara. Ọdún tó kọjá ojú mi wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ wú nírọ̀lẹ́, ìtọ̀ mi ń hó bí omi ọṣẹ. Wọ́n rí pùrótéènì rẹpẹtẹ nínú ìtọ̀. Dókítà kíndìnrín ló bi mí pé ìpara wo ni mò ń lò, mo gbé e wá, èyí tí mo rà lọ́jà tó ń múni pupa ni, tí wọn ò kọ ohun tó wà níbẹ̀ sára ẹ̀. Mercury, irin olómi tó jẹ́ májèlé, máa ń wà nínú irú wọn, ó sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo jáwọ́ ńbẹ̀, mo ń gba ìtọ́jú, ó ti ń lọ. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi ẹ dákun.

Ìyá Alákàrà:
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, òrùka yẹn ńkọ́? Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o. Ní kí màmá na ọwọ́ sókè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tì í bọ omi tútù, kó o wá fi ọṣẹ pa á. Tí kò bá jáde, mú òwú ìránṣọ, ti orí ẹ̀ gba abẹ́ òrùka, kó o wá fi ìyókù wé ìka yẹn mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí títí kọjá oríkèé, bó o ṣe ń tú u láti ìsàlẹ̀ ni òrùka á máa yí bọ̀. Tí ìka bá ti ń dúdú tàbí tó ń kú tipiri, kí alágbẹ̀dẹ góòlù gé òrùka yẹn, ó ṣeé jó padà.

Ìyàwó Àkúrẹ́:
Ẹ káàárọ̀ o. 170/110 ni BP ẹ̀ tá a dé ibẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ magnesium kí gìrì má bàa gbé e, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ní aago mẹ́rin ìdájí. Ọmọbìnrin, kílò 1.8, ó wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ tóṣù ò pé sí. Ìyá ẹ̀ ti lajú, ó ti sọ̀rọ̀. Dókítà ní ká ṣì máa wo BP ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ náà. Ìyá ọkọ mi ní kí n bá àwọn kí yín, wọ́n ń sunkún. Nọ́ọ̀sì, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Èmi náà ti ń sunkún níbi tí mo wà. Ẹ kú ewu ọmọ. Ìyá tuntun ò gbọdọ̀ fojú di orí fífọ́ o.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú:
Ẹ káalẹ́ o ẹbí mi. Mo ní kí n tó wá jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè rí nǹkan gidi sọ. Ọjọ́ kejì tí apoògùn sọ̀rọ̀ la lọ. Mo da báàgì oògùn yẹn sórí tábìlì bẹ́ ẹ ṣe wí, dókítà dákẹ́, ó gbé kápsù aláìlórúkọ yẹn sókè, ó ní ta ló fún yín ní èyí. BP màmá 172/96. Pùrótéènì díẹ̀ wà nínú ìtọ̀ wọn, ti ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín ti ń ṣàárẹ̀ díẹ̀, kò tíì jìnnà. Wọ́n yẹ ọkàn wò, kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n gba diclofenac kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá, wọ́n dín amlodipine kù sí 5, wọ́n fi oògùn BP míì tì í, wọ́n sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa fi kápsù yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kan tún kọ́ wọn ní eré ìdárayá tí wọ́n á máa ṣe fún orúnkún lórí àga. Iyọ̀, wọ́n ní kó má ju ṣíbí tíì kan lọ lójúmọ́, tòun ti èyí tó wà nínú magí.

Òwú Ìyá Alákàrà ló yọ òrùka yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tú u. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni ọwọ́ fi fà tán, ti ẹsẹ̀ ṣì kù díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ti yọ padà. Lánàá Sátidé wọ́n wọ bàtà òde wọn lọ síbi ìkómọ ní Aké. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n o, mi ò ní parọ́, wọ́n ń kùn pé paracetamol ò lágbára tó tàkọ́kọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà wá sọ fún wa. Ìgbà wo ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún kíndìnrín?

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú:
Túsìdeè tó ń bọ̀ mà, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ká ra Lasix ló máa gbé wọn lọ.